Ohun Tí A Ní Kí Ẹ̀rọ Wá

Olùkọ́ ni ìyàwó àbúrò mi ní Ọ̀kà Àkókó. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ti wọ girama kí omi ọmú tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò sí i láṣọ. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró ṣáájú ìyẹn. Ó kọ́kọ́ gbààwẹ̀ (Àkókó ò kúkú ṣaláìní òkè àdúrà) kó tó gba ilé ìwòsàn lọ n'Ìkàrẹ́.

Dókítà ibẹ̀ ò tíì dárúkọ ẹ̀rọ kankan. Ó yẹ oyún wò. Ó bi í léèrè oògùn tó ń lò, torí àwọn oògùn ọpọlọ àti ti èébì kan wà tó ń pe omi wá sọ́mú. Ó ní kó tẹjú mọ́ imú òun, ó wá ń jó ìka rẹ̀ bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí obìnrin náà sọ ìgbà tó bá rí i. Ẹ̀yìn èyí ló gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò prolactin, hòmóònù omi ọmú. Iye rẹ̀ ròkè lálá.

Ìka tó ń jó yẹn wù mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Pituitary, ẹṣẹ́ tó ń tú hòmóònù omi ọmú yìí jáde, kò ju ẹ̀wà kan lọ. Inú kòtò eegun lẹ́yìn imú ló wà, ibi tí iṣan ìríran ojú méjèèjì ti pàdé sì wà lókè orí rẹ̀ gan-an. Kókó tó bá hù nínú pituitary, tó sì ju 10 mm lọ, lè ga débẹ̀ kó tẹ̀ ẹ́, kéèyàn máa rí iwájú, kó má rí ẹ̀gbẹ́. Pituitary yìí kan náà ló ń fa àìsàn tó ń mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àgbàlagbà tóbi, èyí tí Pierre Marie, oníṣègùn ará Faransé, ṣàpèjúwe lọ́dún 1886, ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú X-ray. Ojú lásán ló fi wò ó.

Wọ́n wá kọ MRI fún un, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, láti wò ó bóyá irú kókó bẹ́ẹ̀ ló mú prolactin rẹ̀ ròkè. Ó gba Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́ dé Ìbàdàn, ó bọ́ yẹtí, ó tú píìnì tó fi há gèlè, ó dùbúlẹ̀ sínú ariwo gbàgbàgbà. Èsì ní kò sí nǹkan kan. “MRI orí” lẹnìkan kàn kọ sórí ìwé, orí náà ni wọ́n sì yà.

A máa ń rò pé ẹ̀rọ olówó ńlá yìí ń rí gbogbo nǹkan. Ohun tí a bá ní kó wá ló ń wá. Bí wọ́n bá gé àwòrán ní 5 mm, 5 mm, kókó kékeré lè sá pamọ́ sáàárín. Ti pituitary gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, 3 mm tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ gadolinium tún wà, tí wọ́n ń gún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Pituitary tó dá ṣáṣá tètè ń fà á mu, á sì mọ́lẹ̀ kedere. Kókó ń lọ́ra, á dúdú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú bíi méjì àkọ́kọ́ ni ìyàtọ̀ yẹn ń hàn jù. Bí wọ́n bá pẹ́, kókó náà á ti mu tirẹ̀, àwọn méjèèjì á wá jọra.

Ìrìnàjò kejì ló fi kókó 6 mm hàn. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kò sì la iṣẹ́ abẹ lọ: cabergoline, oògùn oníhóró, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Omi ọmú ti gbẹ, nǹkan oṣù ti padà. Owó ọkọ̀ àti owó àwòrán àkọ́kọ́ nìkan ni kò padà.

Dókítà ti ní kó lọ ya òmíràn tọ́dún bá yípo. Ìyàwó àbúrò mi lóun á ka ohun tí wọ́n bá kọ sórí ìwé náà kóun tó wọ mọ́tò.