Àpótí Bàbá Àbíjàn

Ní ilé wa ní Ọlá, ní àgbègbè Èjìgbò, àpótí onírin kan wà lábẹ́ ibùsùn Ìyá Àgbà, tí ìpẹtà ti jẹ ìdí rẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ti sọnù kí a tó bí mi, ṣùgbọ́n tí kò sí ọmọ ilé tí kò mọ̀ pé ti Bàbá Àbíjàn ni, àti pé Bàbá Àbíjàn yìí, tí í ṣe baba tí ó bí bàbá mi, ni ẹni àkọ́kọ́ nínú agbo ilé wa tí ó forí lé ọ̀nà ìdálẹ̀, tí ó rù ú, tí ó sọ̀ ọ́, títí ó fi dé ilẹ̀ àwọn Faransé, tí owó rẹ̀ sì fi páànù bo ilé tí àwọn baba rẹ̀ fi koríko bò. Ní ẹ̀yìnkùlé, sàréè kan wà tí kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Wọ́n ní sàréè rẹ̀ ni, wọ́n ní ó darúgbó kùjọ́kùjọ́ kí ó tó kú. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé mo bèèrè bí àgbàlagbà ti ṣe wọ ihò tí kò gba ewúrẹ́. Ìgbájú ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Ẹni tí kò bá mọ Èjìgbò lè máa ṣe kàyéfì pé kí ni ó pa àwa àti Àbíjàn pọ̀. Ìlú Ògìyán ni, ìlú tí Akínjọlé tẹ̀ dó, ìlú òrìṣà tí ń jẹ iyán. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dúró ní ibùdókọ̀ níbẹ̀ ní òwúrọ̀, kò ní pẹ́ kí ó tó gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu ẹni tí ń ra àkàrà, yóò sì rí ọkọ̀ tí yóò gba Sẹ̀mẹ̀ wọ Kútọnu, tí yóò gba Lómé dé Accra, tí yóò fi Elubo jáde ní Ghana kí ó tó fi Noé wọ Côte d'Ivoire. Àwọn baba wa kò rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ̀. Gold Coast, tí í ṣe Ghana òní, ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ, nítorí pé ọkọ̀ ojú irin ti gbéra láti etíkun dé Kumasi ní 1903, ọjà sì ń tà níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn tí ojú wọn ríran jìnnà ti yà sí ọ̀dọ̀ àwọn Faransé, tí wọ́n pàtẹ ní Treichville nígbà tí Àbíjàn di olú ìlú ní 1934, tí àwọn onílẹ̀ sì ń pè wọ́n ní Ànàgó. Àwọn tí ó dúró sí Ghana kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀: ní oṣù kọkànlá 1969 ìjọba ibẹ̀ fún àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ó fi kó ẹrù rẹ̀.

Mo fẹ́ràn ìtàn ìdílé. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo máa ń ka ti àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tí baba wọn tẹ̀lé ọ̀nà tí Daniel Boone là wọ Kentucky ní 1775, mo sì máa ń ṣe ìlara wọn, nítorí pé láti 1790 ni ìjọba wọn ti ń ka ènìyàn ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ìwé ilẹ̀ wà, ìwé ogún wà, orúkọ ọmọ àti ọjọ́ ìbí wà nínú Bíbélì ìdílé, tí ó fi jẹ́ pé jíjókòó ni ọmọ-ọmọ yóò jókòó tí yóò máa ṣí ìwé. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìkànìyàn kan náà, ní 1850 àti 1860, àwọn ẹrú tí ó bá wọn ṣán oko náà kò ní orúkọ. Ọjọ́ orí wọn, akọ tàbí abo, àti àwọ̀ ara wọn ni a tò sí abẹ́ orúkọ olówó wọn, ó sì di 1870 kí a tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀ bí ti ọmọ ènìyàn. Mo ka èyí, mo mi orí, mo ní àwa kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin kan ni ó wá já mi sí i. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, Treichville ni a bí i sí, "Tonton" ni ó sì pè mí, bí ẹni pé àbúrò bàbá rẹ̀ ni mí. Ó dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń wá ohun tí ó yí sí abẹ́ àga ni ó ti dọ̀bálẹ̀. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, jugement supplétif, èyí tí ilé ẹjọ́ ibẹ̀ ń fún ẹni tí a kò forúkọ ìbí rẹ̀ sílẹ̀ ní àkókò. Orúkọ ìdílé wa ni ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó dá a mọ̀, nítorí pé akọ̀wé Faransé a máa kọ orúkọ wa bí ó ti dún sí i létí: Òjó di Odjo, Àjàní di Adjani, Oyèwùmí di Oyéwoumi. Òrìṣà Èjìgbò pàápàá kò yẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó bá àwọn ẹrú dé Bahia ní Brazil, Oxaguiã ni wọ́n kọ ọ́ sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé odó kò kúrò nínú ọdún rẹ̀ níbẹ̀ di òní.

Mo mú àlejò lọ bá Ìyá Àgbà, tí ń bó ẹ̀gúsí lórí ẹní. Ìyàwó ilé ni ìyá, a kò bí i sí agbo ilé wa, ṣùgbọ́n ta ni ó mọ oríkì ilé tó ìyàwó ilé, ẹni tí ó fi ń tu ọkọ lójú, tí ó fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, tí ó sì fi ń sunkún òkú? Kò béèrè ìwé. Ó ní, "Ọmọ mi, kí ni bàbá rẹ fi í kì ọ́ bí o bá jí?" Ọkùnrin náà nàró, ó kì ara rẹ̀ pẹ̀lú ahọ́n Faransé, kò mọ ìtumọ̀ ohun tí ó ń sọ, ṣùgbọ́n kò fo ẹyọ kan, bí ọmọ ilé kéwú. Ọmọ Òpómúléró ni wá ní ilé wa. Òpó àti aṣọ ni oríkì wa dá lé lórí. Ọkùnrin yìí kò dárúkọ òpó. Ìjàkadì ni ó ń pè. Ọlọ́fà ni ó ń pè.

Ẹyọ ẹ̀gúsí kan wà láàárín ìka ìyá, ó ti là á, kò tíì bó o. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe mú un dání, tí kò bó o, tí kò sì jù ú sílẹ̀, títí ó fi ní, "Ẹ bu omi fún un kí ó wẹ̀. Ọmọ ilé ni."

Ní òru ni ó pè mí. Ẹnu ìyá ọkọ rẹ̀, tí í ṣe opó Bàbá Àbíjàn, ni ó ti gbọ́ ohun tí ó sọ. Àwọn méjì ni ó kúrò nílé lọ́jọ́ náà: bàbá wa, àti ìwọ̀fà rẹ̀. Baba ìwọ̀fà náà wà lára àwọn tí ogun Ìlọrin àti Ọ̀fà fọ́n ká ní ìparí ọ̀rúndún 19. Ó tẹ̀dó sí ọ̀dọ̀ wa, ó bímọ, nǹkan wá le fún un, ó yá owó lọ́wọ́ ilé wa, ó sì fi ọmọ rẹ̀ dúró. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ parí ní 1897 tí kò sì jáde títí di 1921, fara balẹ̀ ṣàlàyé pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, pé ọmọ onílé ọlọ́nà ni, pé iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé owó, ọjọ́ tí a bá sì san owó ni ó bọ́. Òótọ́ ni Johnson wí. Síbẹ̀, ìwọ̀fà ni ó ru àpótí.

Bàbá wa kò dé Àbíjàn. Ibà mú un ní Kumasi, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Ìwọ̀fà gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, ó fi aṣọ funfun dì wọ́n, ó kó wọn sínú àpótí pẹ̀lú ẹ̀wù òkú, ó sì fi rán àwọn tí ń bọ̀ wálé. Ohun tí a sin sí ẹ̀yìnkùlé nìyẹn, abájọ tí ihò náà fi kéré. Bí òun náà bá bá ẹrù padà lọ́jọ́ náà, ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ó kọjá lọ sí Àbíjàn. A ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí akọ̀wé bi í léèrè pé kí ni orúkọ rẹ̀, ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó wò, orúkọ ẹni tí ó kú ni ó sì fi dáhùn. Lórúkọ yẹn ni owó ti ń wá sí Ọlá. Ó san gbèsè tán, kò dáwọ́ dúró. Ó ra páànù, ó rán àwọn ọmọ òkú ní ilé ìwé. Bàbá mi wà lára wọn. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí, owó ìwọ̀fà ni ó kọ́ bàbá mi ní ìwé tí òun fi kọ́ mi. Opó fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi bú ọmọ rẹ̀ ní agbo.

Mo ti ń kọ ìwé ìtàn ìdílé wa láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, ojú ewé mẹ́rin gbáko ni mo sì ti fi yin Bàbá Àbíjàn. Mo bi ìyá bí mo lè tún un kọ. Ó ní, "Ìwọ ni mo sọ fún, n kò sọ fún ìwé." Mo mọ ohun tí ó ń bẹ̀rù. Bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ, gbogbo wa ni a ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìjà ilẹ̀ dé, ẹ ó rí ẹni tí yóò kọ́kọ́ ṣí ìwé mi láti fi lé ọmọ aláìlẹ́bi jáde. Bí mo bá sì dákẹ́, kí ni ìyàtọ̀ èmi àti akọ̀wé Amẹ́ríkà ti 1850, tí ó kọ orúkọ olówó sílẹ̀ tí kò sì kọ ti ẹni tí ó ṣiṣẹ́? Èmi kò sùn ní òru náà.

Ní òwúrọ̀ mo sọ fún ọkùnrin náà. Ó gbọ́ ọ tán, kò bínú, ó ní kí n fi ọ̀nà Ọ̀fà han òun. Ìpàdé ẹbí jókòó ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n fún un ní yàrá iwájú tí owó baba rẹ̀ àgbà kọ́. Àwọn méjì ráhùn, a kò dá wọn lóhùn. Ìyá ti wọ káà ilẹ̀ lọ báyìí, ọkùnrin náà sì ti fọwọ́ sí i kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí, bí n kò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Orúkọ tí ìwọ̀fà náà ń jẹ́ kí ó tó gba tiwa, ìyá kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ará Ọ̀fà, bí wọ́n bá ń sọ ní ilé yín pé ọkùnrin kan sá ogun lọ sí ìhà Èjìgbò, tí a kò gbúròó òun àti ọmọ rẹ̀ mọ́, ẹ wá béèrè olùkọ́ tí ó fẹ̀yìn tì ní Ọlá. Yàrá iwájú, ní ọwọ́ ọ̀tún, ni. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi.