Kí Ẹ Tó Mòòkùn ní Key Largo

Ẹ̀yin aya àti ìyá wa ọ̀wọ́n, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní mọ̀ọ́nwẹ̀ ní í bá omi lọ. Ẹni tí kò mọ omi wẹ̀ kì í sún mọ́ ibú. Ẹni tí ó rò pé òun ti mọ̀ ọ́n tán ni omi ń gbé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn bí ìrìn-àjò bá gbé yín dé Key Largo, ní ìpínlẹ̀ Florida ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn tí ń kọ́ ènìyàn ní ìmòòkùn ti pọ̀ lọ jàra.

Key Largo jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù tí wọ́n tò bí ìlẹ̀kẹ̀ láti ìdí Florida wọ inú òkun. Bí ẹ bá ní ẹbí ní Miami tí ẹ lọ kí, ìrìn ọkọ̀ bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà ni yóò gbé yín débẹ̀. Ohun tí ó sọ ibẹ̀ di olókìkí ni òkìtì iyùn tí ó wà lábẹ́ omi níwájú rẹ̀. Iyùn yìí kì í ṣe èyí tí a ń so mọ́ ìyàwó lọ́rùn, ṣùgbọ́n ìbátan ni wọ́n. Ẹranko wẹ́wẹ́ inú òkun ni ó ń kọ́ àwọn méjèèjì. Ní ọdún 1960 ni wọ́n ya apá kan òkun náà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọgbà John Pennekamp, tí wọ́n fi orúkọ akọ̀ròyìn tí ó jà fún un sọ. Omi ibẹ̀ máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọ̀pọ̀ iyùn náà kò sì jìn púpọ̀ sí ojú omi. Ibi tí ó yẹ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, bí ó bá rí olùkọ́ rere.

Kí ni ìdí tí olùkọ́ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Omi wúwo. Bí ènìyàn bá dé mítà 10 péré nísàlẹ̀, ìwúwo tí ó ń tẹ ara rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀. Etí á bẹ̀rẹ̀ sí í dunni, àfi kí a di imú kí a sì rọra fẹ́ afẹ́fẹ́ sí etí. Nígbà tí a bá ń gòkè bọ̀, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró á máa fẹ̀. Bí ènìyàn bá sé èémí, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè ya, ìbáà ṣe nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí kò jìn. Nítorí náà ni òfin kìíní fi jẹ́ pé: ẹ máa mí nígbà gbogbo, ẹ má ṣe sé èémí láéláé.

Ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Oríṣi méjì ni wọn ń tà. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ìtọ́wò ọjọ́ kan, tí olùkọ́ ń di ènìyàn mú wọ omi; kì í fúnni ní ìwé ẹ̀rí kankan. Èkejì ni ẹ̀kọ́ kíkún. Ìwé kíkà wà nínú rẹ̀, ìdánrawò nínú adágún wà, ìmòòkùn mẹ́rin nínú òkun sì wà, tí a kò gbọdọ̀ ṣe tán ní ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá parí rẹ̀ ní àṣẹ láti dé mítà 18. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọjọ́ kan ṣoṣo kọ́ yín tán, ẹ kí i, kí ẹ sì máa lọ.

Olùkọ́ rere kì í kọ́kọ́ béèrè owó. Ìlera yín ni ó ń béèrè. Yóò fún yín ní ìwé tí ẹ ó fi dáhùn bóyá ẹ ní ikọ́ fée, wárápá, àìsàn ọkàn tàbí ti etí. Ẹ sọ òtítọ́. Bí ẹ bá lóyún, tàbí tí ẹ ń retí rẹ̀, ẹ má ṣe mòòkùn rárá. Ọmọ inú kò lè sọ pé ó ti tó. Yóò sì ní kí ẹ lúwẹ̀ẹ́ fún 200 mítà láìdúró, kí ẹ sì léfòó fún ìṣẹ́jú 10. Bí ẹ kò bá tíì mọ omi wẹ̀, ẹ kọ́ ìyẹn nílé kí ẹ tó náwó ọkọ̀ òfuurufú.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin náà ẹ béèrè, nítorí abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ láti ọwọ́ ẹgbẹ́ bíi PADI, NAUI tàbí SSI. Ẹ béèrè iye akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò mú wọ òkun lẹ́ẹ̀kan. Òfin PADI kò gbà ju 8 lọ fún olùkọ́ kan tí kò ní olùrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, ojú rẹ̀ yóò tó yín dáadáa. Ẹ béèrè bóyá ọ́síjìn ìtọ́jú wà nínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀.

Ẹ wá wò ó nínú adágún. Yóò ní kí ẹ jẹ́ kí omi wọ inú awò ojú yín, kí ẹ sì tú u jáde. Kí ẹ yọ ẹ̀rọ ìmí kúrò lẹ́nu, kí ẹ sì wá a rí. Kí ẹ mí nínú afẹ́fẹ́ ẹnì kejì yín. Ẹ̀rù lè bà yín. Ẹni rere a tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìfi yín ṣẹ̀sín. Bí ẹ bá sì ní ẹ fẹ́ gòkè, kì í bá yín jiyàn.

Ibi tí yóò mú yín lọ pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀rí. Ère Jésù tí wọ́n gbé sínú òkun náà ní 1965 kò jìn ju nǹkan bíi mítà 8 lọ, ibẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun Spiegel Grove, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rì ní 2002, wà ní bíi mítà 40. Kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́. Yóò sì kọ́ yín pé kí ẹ má ṣe fọwọ́ kan iyùn, nítorí ooru òkun ti ba púpọ̀ jẹ́ ní 2023. Yóò tún béèrè ọjọ́ tí ẹ ó wọ ọkọ̀ òfuurufú, nítorí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìmòòkùn, ó kéré tán wákàtí 18 gbọ́dọ̀ kọjá kí ènìyàn tó fò.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti adúláwọ̀, ẹ dá a lóhùn. Ní 1991 ni àwọn amòòkùn adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ National Association of Black Scuba Divers sílẹ̀. Ní 1993, wọ́n gbé òkúta ìrántí sí ìsàlẹ̀ òkun, ní apá ìwọ̀-oòrùn àwọn erékùṣù yìí kan náà, níbi tí Henrietta Marie, ọkọ̀ akóniṣẹ́rú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rì ní 1700. Àwọn tí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kó lọ kò yan òkun. Àwọn tí ó mòòkùn lọ rántí wọn yàn án fúnra wọn, wọ́n sì kọ́ ọ dáadáa kí wọ́n tó lọ.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí olùkọ́ yín bá jí lówùúrọ̀, tí ó wo ojú òkun, tí ó ní, “Ìgbì pọ̀ lónìí, a kò lọ,” ẹ má ṣe bínú nítorí owó ìrìn-àjò. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òkun kò ní lọ sí ibìkan, àwọn ọmọ sì ń retí yín nílé.