Bí Kọ̀ǹpútà Bá Purọ́ Mọ́ Èèyàn

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀wọ̀ ló fà mí wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Mẹ́rin nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá wọn: wọ́n fẹ́ ṣàtúnṣe ètò orí kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Ìyere fi ń ṣàkọsílẹ̀ owó àjọ àti owó ẹ̀yáwó. Ó ní kí n bá wọn wo ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò máa hàn lójú kọ̀ǹpútà náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn. Mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni.

Nígbà tí a dé Ìyere, àwọn ọmọ náà ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe: àwọ̀ tuntun, bọ́tìnnì ńláńlá, àwòrán tó rẹwà. Ìyá tó ń gbowó fún ẹgbẹ́ náà ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún. Ìwé gbọọrọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, inú rẹ̀ ló sì ń kọ gbogbo owó sí kó tó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà rọra sọ sí mi létí pé, “Ẹ̀rù kọ̀ǹpútà ló ń bà wọ́n, sà.” Mo mi orí. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn ló fà àga sún mọ́ ìyá náà. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé tí ẹ fi ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì?”

Ìyá dáhùn pé, “Ọmọ mi, ìwé yìí kì í purọ́ mọ́ mi.”

Ó wá tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bí iná bá lọ nígbà tí ó ń tẹ owó wọlé lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà kì í sọ bóyá owó náà ti wọlé tàbí kò tíì wọlé. Bí iná bá dé, a tún un tẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹni tó san ₦5,000 a di ẹni tó san ₦10,000. Bí oṣù bá parí, owó inú àpótí kò ní pé iye tí kọ̀ǹpútà pè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ti yọ owó nínú owó oṣù rẹ̀. Lẹ́yìn àkọ́kọ́ ló ra ìwé gbọọrọ. Nígbà kejì, kò sẹ́ni tó ṣí ìwé náà wò.

“Kì í ṣe owó náà ló dùn mí jù,” ó ní. “Ojú tí wọ́n fi ń wò mí ni.”

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àìsí iná ní Nàìjíríà ló fà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, Post Office, bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò kan tí wọ́n ń pè ní Horizon ní 1999; ilé-iṣẹ́ Fujitsu ló ń bójú tó o. Horizon ń sọ pé owó dín lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣàkóso àwọn ẹ̀ka káàkiri. Wọ́n ké títí pé àwọn kò jalè, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Ó lé ní 900 èèyàn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n. Àwọn mìíràn kú kí orúkọ wọn tó mọ́. Ní 2019, adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga sọ ọ́ gbangba pé àṣìṣe wà nínú ètò náà. Ní 2024, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tó wọ́gi lé ọ̀pọ̀ ìdálẹ́bi wọ̀nyí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà gbé ọ̀rọ̀ àwọ̀ tì. Wọ́n ṣe é kí owó kan náà má lè wọlé lẹ́ẹ̀mejì láìjẹ́ pé kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n tún ṣe àyè tí a ti lè ṣàtúnṣe àṣìṣe, tí orúkọ ẹni tó ṣe é àti ọjọ́ rẹ̀ yóò sì hàn. Èmi ni mo kọ gbólóhùn tí yóò máa jáde bí iṣẹ́ bá parí: “Àkọsílẹ̀ ìsanwó yín ti kẹ́sẹ járí.” Ìyá kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé owó ti wọlé àbí kò tíì wọlé?” Ni a bá kọ ọ́ báyìí: “Owó yìí ti wọlé.”

Ojú tì mí díẹ̀. Iṣẹ́ ìròyìn ti kọ́ mi pé ẹni tọ́rọ̀ kàn ni à á kọ́kọ́ bi léèrè, síbẹ̀ mo ti dá ìyá yẹn lẹ́jọ́ kó tó la ẹnu. Ọmọdé ló rántí ohun tí èmi àgbà gbàgbé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Àwọn ọmọ náà ti gba máàkì wọn. Ètò tuntun náà ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n títí di òní tí mo ń kọ èyí, ìgbìmọ̀ kò tíì dá owó ìyá padà. Wọ́n ní àwọn ṣì ń wò ó. Ìwé gbọọrọ náà wà níbẹ̀, ọjọ́ àti iye owó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́, bí kọ̀ǹpútà bá pe òṣìṣẹ́ yín ní olè, kí ẹ tó fọwọ́ kan owó oṣù rẹ̀, ẹ ní kó mú ìwé tirẹ̀ wá.