Ẹ̀rọ Tí Ó Gé Ẹyin Dípò Òbìrìkìtì

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, àfi ẹni tí ó bá fi orí tì í dé òpin. Ọ̀rọ̀ yìí yé wa dáadáa ní ọdún 2022, nígbà tí àwa ọ̀dọ́ mẹ́rin ní Ìjẹ̀bú-Òde fi ọwọ́ ara wa kan ẹ̀rọ agbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí, èyí tí wọ́n ń pè ní CNC. Kò sí ẹni tí ó ṣe irú rẹ̀ rí nínú wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi kàn án, ṣùgbọ́n oṣù méjì ni a fi kọ́ ọ ní ìwọ̀n.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni kí ó gbé ọ̀bẹ tí ń yí bírí lọ síwá sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì, sókè sísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwòrán inú kọ̀ǹpútà bá ti wí. Ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà ti fi bàbá ńlá rẹ̀ han ayé láti ọdún 1952. Àmọ́ ẹni tí ó kì wá láyà kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 2013, ní Lomé, olú ìlú Tógò, Kodjo Afate Gnikou fi pàǹtí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti sìkánà kan ẹ̀rọ tí ń fi ike yíyọ́ mọ nǹkan, ó sì pè é ní W.Afate. Ìbátan CNC ni. A ní bí ará Lomé bá ṣe é, kí ló dé tí ará Ìjẹ̀bú kò ní ṣe é?

Ilé kéwú kan ládùúgbò wa ti san ìdajì owó fún àga ìgbé-Kùránì 30, kí ààwẹ̀ Ramadan tó wọlé. Pákó méjì tí ń wọnú ara wọn ni àga náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn ní mìlímítà 12. Bí ojú ihò bá fún, pákó kò ní wọlé. Bí ó bá gbò, àga yóò máa mì, Kùránì lè ṣubú. Àwọn òbí wa ló dá owó tí a fi ra irin àti pákó. A kò lè dójú tì wọ́n.

Mọ́tò inú fọtokọ́pì àlòkù ni a lò, èyí tí ń gbé ẹsẹ̀ 200 kí ó tó yí po. Mọ́tò ń yí irin gbọọrọ tí ojú rẹ̀ rí bíi ti bóòtù, irin sì ń ti ọ̀bẹ. Wọ́n ní irin oní-mìlímítà 8 ni. Irú rẹ̀ ń súnni ní mìlímítà 1.25 bí ó bá yí po lẹ́ẹ̀kan. A pín ẹsẹ̀ mọ́tò kọ̀ọ̀kan sí 8, ó di 1,600. Bí a bá fi 1.25 pín in, ó di 1,280. Iye ẹsẹ̀ tí mọ́tò yóò gbé fún mìlímítà kan nìyẹn.

A ní kí ó gé òbìrìkìtì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 100. Ẹyin ni ó gé! Apá kan jẹ́ 100 géérégé, apá kejì jẹ́ 113. Ọ̀kan nínú wa ní mọ́tò ti ya wèrè. Bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó yá wa ní igun kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wo irin yín ná, kí ẹ tó bá mọ́tò jà.” A gbé rúlà lé irin méjèèjì, a ka ojú wọn nínú íńṣì kan. Ti àkọ́kọ́ lé díẹ̀ ní 20, ti ìkejì jẹ́ 18. Oní-íńṣì ni ìkejì; ó kàn sanra bí èkejì rẹ̀ ni. A sọ 1,280 di ìlọ́po 100, a fi 113 pín in, ó di 1,133. A kọ èyí fún apá náà, a tún un gé, òbìrìkìtì sì jáde.

Ó tún ku díẹ̀. Bí mọ́tò bá yí padà, nọ́ọ̀tì a kọ́kọ́ mì lórí irin kí ó tó gbá a mú, ìdajì mìlímítà a sì sọnù. A fi nọ́ọ̀tì méjì sí i, a ki sípíríǹgì sáàárín wọn. Ní ti igun férémù, ọgbọ́n bíríkìlà ni a lò: 300 ní apá kan, 400 ní apá kejì, bí àbùjá kò bá pé 500, igun wọ́ nìyẹn.

Ẹ má rò pé ọ̀dọ̀ òyìnbó nìkan ni irú sùúrù yìí ti wá. Mùsùlùmí kan, al-Jazari, tí ó ṣiṣẹ́ fún àwọn ọba Diyarbakır, ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, parí ìwé ńlá lórí ẹ̀rọ ní ọdún 1206. Ó kọ nípa bí a ṣe ń wọn ihò tí omi ń gbà kọjá, tí a sì ń dán an wò, kí aago olómi má baà purọ́.

Àga 27 ni ẹ̀rọ wa gé kí iná tó lọ, tí kò sì dé mọ́. Bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà fi ayùn gé 3 tí ó kù. Nígbà tí a kó wọn pọ̀, pákó tirẹ̀ wọnú tiwa, tiwa wọnú tirẹ̀, nítorí pé ìwọ̀n kan náà ni a jọ tẹ̀ lé. Ààwẹ̀ kù ní ọjọ́ méjì nígbà tí a kó wọn dé ilé kéwú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa, ẹ má bẹ̀rù iṣẹ́ tí ẹ kò ṣe rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kan ẹ̀rọ tán, ẹ má tíì pe ènìyàn wá wò ó. Ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ tún un wọ̀n. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín.