Ẹ̀rọ Gba Ohùn Ìyá Àgbà, Ta Ni Yóò Dá A Lóhùn?

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi ṣíwájú ọ̀rọ̀ mi. Ká ní èdè yín kù sẹ́nu àwọn àgbà díẹ̀ tí ẹ lè fi ìka ọwọ́ kà, tí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ lọ gba ohun tí ẹ bá lè rí gbà, kí ni ẹ óò kọ́kọ́ bi àwọn àgbà náà? Ẹ má yára dáhùn. Àwọn ènìyàn kan wà láyé yìí tí ìbéèrè náà kì í ṣe àlọ́ fún wọn.

Hupa ni orúkọ wọn. Ìhà àríwá Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gbé, nínú àfonífojì kan tí odò Trinity ń gbà kọjá kí ó tó lọ dà pọ̀ mọ́ odò Klamath. Ẹja inú odò àti èso igi óákù ni oúnjẹ wọn láti ayébáyé. Àwọn Yurok tí í ṣe aládùúgbò wọn ni wọ́n ni orúkọ Hupa yẹn. Na:tinixwe ni wọ́n ń pe ara wọn, èyí tí í ṣe àwọn ará ibi tí ọ̀nà ti ń ṣẹ́rí padà. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa, nítorí àwọn aládùúgbò wa lókè ọya ni wọ́n kọ́kọ́ ń pe àwọn kan nínú wa ní Yorùbá kí gbogbo wa tó gbà á. Ohun ìyanu kan wà nípa Hupa, Yurok àti Karuk: wọ́n jọ ń gbé lẹ́bàá ara wọn, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ, irú ijó kan náà ni wọ́n ń jó, síbẹ̀ èdè wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá ara wọn tan rárá. Àwọn Navajo àti Apache, tí ilẹ̀ wọn jìnnà réré, ni èdè wọn bá ti Hupa tan.

Bí mo ṣe gbọ́ nípa wọn nìyí. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá. Ọmọ mi obìnrin tó wà lókè òkun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ èdè máa ń dùn mọ́ mi, ó sì fi ibi tí ìwé atúmọ̀-èdè Hupa wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì hàn mí. Àwọn onímọ̀ èdè ní Yunifásítì Kalifọ́níà ló bá wọn tò ó jọ. Bí ènìyàn bá tẹ àwọn ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ohùn ìyá àgbà kan yóò jáde, yóò pe ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi kò gbọ́ ọ̀kan nínú ohun tí ìyá ń wí, ṣùgbọ́n mo mọ irú ohùn bẹ́ẹ̀, ohùn ẹni tó ń kọ́ ọmọ ni. Ohun tó dà mí láàmú ni pé ìyá pe ọ̀rọ̀, ó dákẹ́, kò sì sí ẹni tó dá a lóhùn.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀? Wúrà ló fà á. Ní nǹkan bí ọdún 1850 ni àwọn òyìnbó awa-wúrà ya bo odò Trinity. Àwọn sójà tẹ̀lé wọn, wọ́n kọ́ bárékè sínú àfonífojì náà. Ní 1864 ni ìjọba Amẹ́ríkà ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn Hupa níbẹ̀, orí ilẹ̀ náà ni wọ́n sì wà di òní olónìí. Nígbà tí àwọn sójà kó lọ ní 1892, wọ́n sọ ilé wọn di ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń gbé nínú rẹ̀ láti 1893. Bí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti rí jákèjádò Amẹ́ríkà nígbà náà, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ọmọ ìbílẹ̀ di òyìnbó. Ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ yóò jìyà.

Ẹ̀yin olùkọ́, èyí kò ṣe tuntun létí wa. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́, pátákó kékeré kan wà tí wọ́n máa ń fi okùn so kọ́ ọrùn ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi gbé e kọ́rùn, nítorí pé agbọ́n ta mí, mo sì kígbe pé, “Yéè, ìyá mi o!” Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, Yorùbá ni ìyá mi fi bá mi wí, Yorùbá ni wọ́n fi ń nájà, Yorùbá ni wọ́n fi ń sọ ọmọ lórúkọ, òun náà ni wọ́n sì fi ń sìnkú. Ilé ẹ̀kọ́ nìkan kò lè pa èdè tó ní irú odi bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn.

Àwọn Hupa kò ní irú odi yẹn. Wọn kò pọ̀, ilẹ̀ ti há mọ́ wọn, òyìnbó ló ni ọjà, òyìnbó ló sì ni iṣẹ́. Àwọn ọmọ tó jìyà yẹn dàgbà, wọ́n bímọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì pinnu pé ìyà tó jẹ àwọn kò ní jẹ ọmọ àwọn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bá ọmọ sọ. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dá wọn lẹ́bi, kí ó kọ́kọ́ gbé pátákó kọ́rùn wò. Ìfẹ́ ọmọ ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Bí èdè ti ń dákẹ́ nínú ilé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń kọ ọ́ sínú ìwé. Goddard, oníwàásù kan, dé sí àfonífojì náà ní 1897, ó kọ́ èdè wọn, ó sì tẹ ìwé jáde ní 1903 àti 1904 nípa ìgbésí ayé àti ìtàn wọn. Ní 1927, Edward Sapir, ògbóǹtarìgì onímọ̀ èdè, lọ sọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Fang-Kuei Li, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà. Ọmọ Hupa kan tí ń jẹ́ Sam Brown ló pọ̀ jù nínú àwọn tó bá Sapir ṣiṣẹ́. Sapir kú ní 1939 láì tẹ ìtàn wọ̀nyẹn jáde. Ọdún 2001 ni Victor Golla àti Sean O'Neill tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọdún 74 ni ohùn àwọn àgbà fi sùn sínú àpótí! Golla náà ti bá àwọn àgbà Hupa jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ló sì bá wọn ṣe ìwé atúmọ̀-èdè tó jáde ní 1996.

Kì í ṣe ìwé nìkan. Láti 1900 lọ, fún nǹkan bí ogójì ọdún, wọ́n gba orin àti ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Kalifọ́níà sórí òpó kéékèèké tí wọ́n fi ìda ṣe. Ó lé ní 2,000 irú òpó bẹ́ẹ̀ tó wà ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley. Ìda kì í ṣe irin. Ó ń sán, ó ń bàjẹ́, bí a bá sì gbé abẹ́rẹ́ lé e, a óò ha ohùn náà nù. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n rí ọgbọ́n dá sí i: ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń ya àwòrán ojú ìda náà láì fọwọ́ kàn án, kọ̀ǹpútà yóò sì sọ àwòrán náà di ohùn padà.

Ǹjẹ́ pẹ̀lú gbogbo èyí, kí ló tún kù? Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ èyí. Bí a ti ná owó ẹyọ rí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Hupa ná ìkarawun òkun kan tó rí gbọọrọ bí eyín. Wọn a sin márùn-ún tí gígùn wọn dọ́gba sórí okùn. Goddard kọ ọ́ pé àwọn ọkùnrin wọn ń fín ilà sí inú apá òsì. Wọn a na okùn owó láti èékánná àtàńpàkò, ilà tí ó bá kàn ni yóò sì sọ iye owó náà. A lè ka èyí nínú ìwé. Ṣùgbọ́n bí okùn bá ku díẹ̀ kó kan ilà ńkọ́? Kí ni ẹni tó fẹ́ gbà á máa ń wí, kí sì ni ẹni tó fẹ́ fi í sílẹ̀ fi ń tù ú nínú? Ìyẹn ṣọ̀wọ́n nínú ìwé.

Mo wá rí ìdí rẹ̀. Nígbà tí akọ̀wé bá jókòó ti àgbà, ìtàn ni yóò ní kí ó sọ, tàbí kí ó pe orúkọ nǹkan. Àgbà yóò máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí kálàmù lè bá a. Ẹnu kan ló ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà ìtàn wà, àdúrà wà, orúkọ ẹja àti igi wà. Ohun tó kọ́kọ́ ń bọ́ sọnù ni ọ̀rọ̀ ẹni méjì: bí a ti ń ná ọjà, bí a ti ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́, bí a ti ń rẹ ọmọ lẹ́kún, bí a ti ń bẹ ẹni tó ń bínú.

Èdè wọn pàápàá kò gba ojú ìwé bọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ní Hupa pé nǹkan wà nílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mọ irú nǹkan tó jẹ́. Ohun tó rí roboto bí òkúta ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, èyí tó gùn bí igi ní tirẹ̀, aṣọ ní tirẹ̀, ohun ẹlẹ́mìí sì ní tirẹ̀. Apò tó kún ńkọ́? Ẹja tó ti kú ńkọ́? Ẹni tó fi ọmú mu èdè náà kì í ronú kí ó tó dáhùn. Ẹni tó ń kọ́ ọ nínú ìwé yóò béèrè nígbà ọgọ́rùn-ún. Bí kò bá sí àgbà mọ́, ta ni yóò wí fún un pé, “Ó tì o, a kì í wí bẹ́ẹ̀”?

Àwọn ará Kalifọ́níà wá ọgbọ́n kan sí i tí yóò yé gbogbo ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ rí. Ní 1992 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nítorí àwọn èdè ìbílẹ̀ wọn. Ọ̀gá kan àti ọmọ-iṣẹ́ kan ni ìlànà wọn. Àgbà ni ọ̀gá, ọ̀dọ́ ni ọmọ-iṣẹ́. Wákàtí 10 sí 20 lọ́sẹ̀ ni wọn óò fi wà pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì di èèwọ̀ láàárín wọn. Wọn kì í jókòó ti ìwé. Wọn a máa dáná, wọn a máa fọṣọ, wọn a máa rìn lọ sétí odò, ohun tí wọ́n bá ń ṣe ni wọ́n ń sọ. Àwọn Hupa wà lára àwọn tó kọ́ èdè lọ́nà yìí. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà láàárín wọn náà. Ní 2009, Kalifọ́níà ṣe òfin tó fún àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ ní àṣẹ láti sọ ẹni tó gbọ́ èdè wọn tó láti kọ́ni, kí ìjọba sì fún un ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Ẹ̀yin ará mi olùkọ́, ìyá àgbà tí kò wọ yunifásítì rí lè tipa bẹ́ẹ̀ di olùkọ́ tòótọ́.

Ohùn tí a gbà sílẹ̀ kò sì já sásán. Àwọn Hupa ní ijó kan tí wọ́n ń jó fún ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bàlágà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Ní 2001 àwọn obìnrin wọn gbé e dìde, wọ́n yẹ ìwé àtijọ́ wò, wọ́n sì lọ bá àwọn àgbà pé kí wọ́n wí ohun tí wọ́n rántí. Ìwé mú díẹ̀ wá, àgbà fi ẹnu tún un ṣe, ọmọbìnrin sì jó.

Ìmọ̀ràn wo ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín? Ẹ má wí pé Yorùbá pọ̀ ju èyí tó lè parun lọ. Ìyá tó bí bàbá mi, aláró ni ní Abẹ́òkúta. Mo kéré nígbà tó kú. Mo rántí pé ó máa ń tọ́ aró wò lẹ́nu, yóò sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àwọn ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì mọ̀ bóyá aró tó tàbí kò tíì tó. Mo ti wá ọ̀rọ̀ náà títí nínú gbogbo ìwé tó wà nílé mi, n kò rí i.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní fóònù tó ń gba ohùn, kí ó lọ bá àgbà ilé rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ tọrọ àyè, kí ó sì bi í léèrè ẹni tó fẹ́ kí ó gbọ́ ọ. Láyé àtijọ́, ẹ̀sùn ńlá ni láàárín àwọn Hupa kí ènìyàn dárúkọ òkú létí ẹbí rẹ̀, owó ni wọ́n sì fi ń tán an. Ohùn àgbà kì í ṣe ohun tí a ń gbà bí ẹni ṣa èso abẹ́ igi. Kí ó má dá àgbà nìkan jókòó ti ẹ̀rọ. Kí ó wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ṣòwò rí, kí ó gbé iṣẹ́ ọwọ́ wọn síwájú wọn, kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa jiyàn. Kí ó sì fi ọmọdé kan sí àárín wọn, kí ọmọ náà máa béèrè, kí ó máa ṣì í wí, kí àwọn àgbà máa tún un ṣe.

Ìdáhùn tèmi sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ kọ ìdáhùn tiyín ránṣẹ́ sí olóòtú, kí a jọ gbà á yẹ̀ wò. Ó tún di ọjọ́ mìíràn.