Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ àti Ẹnubodè Ìlú Ọba

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Àkúrẹ́ wọ ilẹ̀ Èkìtì yóò rí àpáta kí ó tó rí ilé. Bí ọkọ̀ wa ti kọjá Ìjú ni àwọn òkè Ìkẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí, dúdú, ràbàtà, bí erin tó dùbúlẹ̀ sínú igbó. Ọlọ́ṣunta àti Òrólè ló lókìkí jù lọ nínú wọn. Awakọ̀ wa kò tilẹ̀ gbójú sókè wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ Ìlú Ọba ló gbà á lọ́kàn.

“Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn,” ni ó wí. “Láti oṣù Keje. Kò sí físà ìtọ́jú arúgbó mọ́ fún ẹni tó bá ṣì wà nílé.”

Ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ní Ọlọ́run kì í ti gbogbo ọ̀nà pa. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní bí ti ibẹ̀ bá dí, Kánádà ń bẹ. Kí a tó dé gáréèjì Ìkẹ́rẹ́, inú ọkọ̀ ti pín sí méjì: àwọn tó ní onílé ló ni àṣẹ ilẹ̀kùn rẹ̀, àti àwọn tó ní ẹni tó ti wọlé onílé láìkan ilẹ̀kùn rí kò lẹ́nu láti ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ mọ́ni. Èmi kò dá sí i. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló ń gbé mi lọ sí Èmùré-Èkìtì, níbi tí ẹbí ti pè mí sí ìpàdé.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà ní Ìlú Ọba. Oṣù Kẹfà ọdún 2024 ló lọ, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn méjì wà ní Èmùré lọ́dọ̀ ìyá wa. Ohun tí ẹbí fẹ́ jíròrò ni bóyá kí a ta oko kòkó tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Ìsẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n mi lè wá ọ̀nà mìíràn tọ ìyàwó rẹ̀ lọ.

Mo kọ́kọ́ sọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ ná, nítorí ilẹ̀kùn kan tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹnikẹ́ni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá yóò ti gbọ́ orúkọ Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni a bí i sí, ṣùgbọ́n ìlú Ìsẹ̀ ló gbé, tó sì sin Arínjalẹ̀. Òkìkí rẹ̀ kàn dé ọ̀dọ̀ Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, ẹni tó gbé iṣẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn ààfin fún un ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà, èyí tó gbẹ́ ọba sórí ìtẹ́ pẹ̀lú olorì lẹ́yìn rẹ̀, wà ní Chicago lónìí. Ilẹ̀kùn tí mo ń sọ yìí wà ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú British Museum.

Ohun tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ sára rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wò. Ní apá kan, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́, adé wà lórí rẹ̀, olorì sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn aláàárù gbé lérí bọ̀. Àlejò ló ń bọ̀ wá kí onílé. Ọba kò dìde.

Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. Nígbà tí àwọn British Museum rí i, wọ́n fẹ́ kó di tiwọn. Ògògà kò fẹ́ tà á. Pàṣípààrọ̀ ló gbà láti ṣe: kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún un ní Ìlú Ọba. Wọ́n ṣe ìtẹ́, ilẹ̀kùn sì di ti Lọ́ńdọ̀nù.

Mo bi bàbá kan tó jókòó nítòsí ààfin léèrè bóyá wọ́n rẹ́ ọba jẹ. Ó rẹ́rìn-ín. “Àwọn kan ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní ọba gbọ́n, pé igi ló fi sílẹ̀, ó sì gba ìtẹ́. Èmi ò sí níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ ló dárúkọ ohun tó fẹ́ gbà.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé dání dé Ìsẹ̀.

Ní àkókò ìkórè báyìí, òórùn kòkó ló ń kọ́kọ́ kí àlejò ní Ìsẹ̀. Wọ́n sá a kalẹ̀ lẹ́bàá títì, àwọn ọmọdé ń fi ẹsẹ̀ tú u. Mo lọ wo oko bàbá wa. Ìdajì rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn láti ọdún 2024, nígbà tí a fi í dógò láti san owó físà, owó ọkọ̀ òfurufú, àti owó gọbọi tí alágbàtà kan gbà lọ́wọ́ wa. Ọdún náà gan-an ni owó kòkó fò sókè. Ní oṣù Kẹta, tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Kí ọdún tó parí, ó ti kọjá 12,000. Bí ògò oko ti rí lọ́dọ̀ wa, ẹni tó yáni lówó ló ń ká kòkó títí a ó fi san gbèsè. Òun ló ká a.

Nínú sọ́ọ̀bù ẹni tó ń ra kòkó, àríyànjiyàn inú ọkọ̀ tún ń dúró dè mí. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń ṣàlàyé. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 2016, bí èèyàn 52 nínú 100 tó dìbò ní Ìlú Ọba ló ní kí wọ́n kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Kí àlejò lè dín kù jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ìdí wọn. Wọ́n kúrò ní ọjọ́ 31 oṣù Kínní ọdún 2020. Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù kò lè wọlé ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ mọ́, ọwọ́ kò tó fún ìtọ́jú arúgbó. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, wọ́n ṣí ẹnubodè fún àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú láti ibi gbogbo. Ààyè yẹn ni àwọn èèyàn wa bá wọlé.

“Nítorí náà, Brexit tó yẹ kó lé wa ló gbà wá wọlé,” ni olùkọ́ wí.

“Ó gbà wá, ó sì tún ń lé wa,” ni oníkòkó dáhùn. “Kòkó tèmi ńkọ́? Kòkó kì í gba físà.”

Ó sọ òótọ́ ju bó ti rò lọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2024, ìjọba Nàìjíríà àti ti Ìlú Ọba fọwọ́ sí àdéhùn ìṣòwò àti ìdókòwò ní Àbújá. Ẹni tó fọwọ́ sí i fún Ìlú Ọba ni Kemi Badenoch, mínísítà ọ̀rọ̀ òwò wọn nígbà náà, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù tó sì dàgbà ní Èkó, tó sì wà lára àwọn tó fara mọ́ Brexit. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, òfin tuntun múlẹ̀ níbẹ̀ pé òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ti ọ̀nà náà pa pátápátá fún ẹni tó bá wà lókèèrè.

“Ẹ má bá wọn jà,” ni àgbàlagbà kan wí láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. “Àwa náà ṣe é. Oṣù Kínní ọdún 1983, ìjọba Shagari lé àwọn ará Gánà. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù, a ṣì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní. Gánà náà sì ti kọ́kọ́ lé àwọn èèyàn wa lọ́dún 1969.”

Ọkùnrin tó ń di kòkó sínú àpò nígbà tí wọ́n ń jiyàn jẹ́ ọmọ Tógò. Mo bi í nípa ìdílé rẹ̀. Ó ní ìyàwó òun àti ọmọ mẹ́ta wà nílé, ọdún dé ọdún ni òun ń rí wọn. Kò gbé ojú sókè nínú iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni sọ́ọ̀bù náà dákẹ́ díẹ̀.

Alẹ́ ni mo dé Èmùré. Àbúrò bàbá wa ló darí ìpàdé. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò lè máa jẹ́ àpọ́n tó níyàwó. Bí a bá ta oko, òun á wá ọ̀nà gba ibòmíràn lọ. Ìyá wa ní oko ni bàbá wa fi tọ́ wa. Ohùn ròkè, gbogbo wọn ló sì jàre. Nígbà tí ọmọ kékeré, tó ti pé ọdún mẹ́rin, gbọ́ tí wọ́n dárúkọ ìyá rẹ̀, ó sá wọ yàrá lọ. Ó gbé fóònù bàbá rẹ̀ jáde, ó sì gbé e fún mi. Lójú rẹ̀, inú fóònù ni ìyá rẹ̀ ń gbé.

A pè é. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni. Ó kí àwọn àgbà níkọ̀ọ̀kan, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta oko. Èmi ni mo lọ. Ẹ̀yin kọ́ lẹ lé mi. Ẹ jẹ́ kí n fi owó iṣẹ́ mi gba ìdajì tó wà lọ́wọ́ olówó padà. Bí mo bá gbà á tán, a ó jọ mọ̀ bóyá èmi ni mo ń bọ̀ wálé ni, tàbí ẹ̀yin lẹ ó máa bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tà á, ibo ni mo ń padà bọ̀?”

Ẹ̀gbọ́n mi jáde síta. Kò dá sí ọ̀rọ̀ mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò sì lè sọ pé inú rẹ̀ dùn. Àbúrò bàbá wa ní a kò ní ta oko.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, n kò mọ ilé tí ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kàn. Àwọn tó ń dìbò ní Ìlú Ọba yóò máa ti ilẹ̀kùn, wọ́n á sì máa ṣí i, bí ó bá ti bá wọn lára mu. Apá wa kò ká èyí. Ohun tó wà níkàáwọ́ wa ni ohun tí Ògògà ṣe: kí a mọ iye ohun tó wà lọ́wọ́ wa kí a tó gbé e sílẹ̀, kí àwa fúnra wa sì dárúkọ ohun tí a fẹ́ gbà. Ní ọdún 2024, àwa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Alágbàtà ló dárúkọ fún wa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ti ń lọ sí gáréèjì, mo rí ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Ọkọ̀ Ìsẹ̀ ló ń dúró dè. Ó ní ìdajì tó kù ń fẹ́ ríro.