Ife Tíì Tó Wà Lórí Tábìlì

Àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ ta ìyàwó lólobó. Gbogbo ìgbà tí ọkọ rẹ̀ bá ti mú eré ọkọ̀ ojú omi wọn dé ìwọ̀n kan, àwọn ife náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ara wọn, ilẹ̀ ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀. Bó bá dín eré kù, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀. Ọkọ ní kò sí nǹkan kan, pé bí ọkọ̀ àlòkù ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ọkọ̀ náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 38, ẹ́ńjìn méjì tó ń lo epo dísù ló ń tì í. Wọ́n fi ń ṣòwò ni. Lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n á kó àwọn tó fẹ́ gbatẹ́gùn láti Lẹ́kkí lọ sí Tarkwa Bay. Owó ìfẹ̀yìntì ọkọ ló wà nínú rẹ̀, ìyàwó náà sì ti yọ lára owó ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ fi kún un.

Pùròpélà ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí, ìyẹn abẹ onírin tó ń yí lábẹ́ ọkọ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀sà Èkó mọ̀ pé ọ̀rá, okùn àwọ̀n àti igi tó léfòó kò wọ́n níbẹ̀. Wọ́n fi kéréènì gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀, wọ́n bá okùn àwọ̀n lára ṣáàfù, etí abẹ kan sì ti tẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n ha ìkarawun tó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò. Bíárìn onírọ́bà tí ṣáàfù ń yí nínú rẹ̀ náà ti jẹ. Omi ọ̀sà ló ń ṣe bíi gíríìsì fún irú bíárìn bẹ́ẹ̀, bí ọwọ́ bá sì ti lè mi ṣáàfù jìgìjìgì nínú rẹ̀, ó ti parí. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, mẹkáníìkì so ṣáàfù padà mọ́ gíá níbẹ̀ lórí ilẹ̀, ó gbowó, ó lọ.

Ṣùgbọ́n gbígbọ̀n náà kò lọ. Lọ́jọ́ Sátidé kan, bí wọ́n ṣe ń kó àwọn èrò bọ̀ láti Tarkwa Bay pẹ̀lú àwọn ọmọdé, omi ti ń kún abẹ́ ẹ́ńjìn. Gbígbọ̀n yẹn ti jẹ ohun tí wọ́n fi dí ibi tí ṣáàfù gbà jáde kúrò nínú ọkọ̀. Pọ́ǹpù ló kó wọn yọ. Ìyàwó kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé.

"Dádì, mi ò ní wọ ọkọ̀ yẹn mọ́. Ẹ má sì bèèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi mọ́ nítorí rẹ̀."

Mẹkáníìkì ní kí wọ́n sọ ẹ́ńjìn kalẹ̀. Ọkọ kò rí owó bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ìlàjẹ kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ọkọ̀ apẹja ṣe ni wọ́n wá júwe fún un. Bàbá kò tilẹ̀ wo ẹ́ńjìn.

"Àbúrò, ibo ni wọ́n ti so ṣáàfù yìí?"

"Orí ilẹ̀ ni, Bàbá."

"Ṣé orí ilẹ̀ lẹ ó ti máa gùn ún ni?"

Ọkọ̀ tó wà lórí igi ìtẹ́lẹ̀ máa ń tẹ̀ díẹ̀. Ìgbà tí omi bá gbé e ló tó jókòó bó ṣe yẹ. Wọ́n dá a padà sómi, wọ́n rọ epo sí tánkì bó ṣe máa ń wà lọ́jọ́ iṣẹ́, wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Láàárọ̀, bàbá tú bóòtù tó de ṣáàfù mọ́ gíá. Ojú irin pẹrẹsẹ méjì ló pàdé níbẹ̀, ó yẹ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra bí àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ó mú fílà géèjì, ó ń tì í bọ àárín wọn lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì. Fún ojú irin tó fẹ̀ ní íǹṣì 4, àlàfo ibì kan kò gbọdọ̀ fi ju ìdá 4 nínú 1,000 íǹṣì ju ti ibòmíràn lọ, bí ìwé kan ṣe nípọn tó. Nísàlẹ̀, géèjì kò wọlé rárá. Lókè, 20 wọ ibẹ̀.

Kò tíì fọwọ́ kan ẹ́ńjìn o. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ yí ṣáàfù dé ìlàjì, ó tún wọ̀n ọ́n. Bí àlàfo bá bá ṣáàfù yí, ṣáàfù ló wọ́. Bó bá dúró síbi tó wà, ẹ́ńjìn ni kò jókòó dáadáa. Àlàfo kò kúrò lókè.

Ẹ́ńjìn sítì iwájú ló ṣẹlẹ̀. Epo dísù ti ń kán sí rọ́bà rẹ̀ lára tipẹ́, rọ́bà ti rọ̀, imú ẹ́ńjìn sì ti wálẹ̀. Bàbá pààrọ̀ rẹ̀, ó ń fi nọ́ọ̀tì gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń sinmi. Ọjọ́ kan àtààbọ̀ ló fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í fẹ́ sanwó fún irú iṣẹ́ yìí, torí wọn ò rí irin ńlá kankan tí wọ́n yọ jù sílẹ̀. Ó tún ibi tí omi ń gbà wọlé náà dí.

Tẹ́lẹ̀, kí ọkọ̀ má baà gbọ̀n, eré ìwọ̀nba ni ọkọ máa ń sá. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ràn eré ìwọ̀nba: imú rẹ̀ á gbé sókè, á máa ti omi níwájú, á sì máa mu epo. Ní báyìí, ó lè kọjá ibẹ̀, kí ọkọ̀ gòkè sójú omi kó máa fò lọ. Wọ́n ń tètè dé Tarkwa Bay, epo tí wọ́n ń rà sì dín kù.

Ìyàwó wá lọ́jọ́ Túsìdeè kan tí kò sí èrò. Ó gbé fíláàsì dání, ó bu tíì sínú ife, ó gbé e ka tábìlì, ó jókòó tì í. Ọkọ mú eré pọ̀ sí i títí ó fi kọjá ibi tí ọkọ̀ ti máa ń gbọ̀n. Tíì náà mì díẹ̀, bí gbogbo tíì orí omi ṣe ń mì, ṣùgbọ́n ife kò kúrò lójú kan.

Ó mu ún tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Èló lẹ san fún bàbá yẹn?"

Ọkọ dá iye rẹ̀.

"Ó ti kéré jù," ló wí, ó sì ṣí báàgì rẹ̀.